Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Kóòdù Sọ́fútíwíà Yín Pamọ́ Sọ́wọ́ Ẹni Kẹta Kí Olùtà Tó Kógbá Sílé

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a ń fi ìwé lẹ́jà ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń fi sọ́fútíwíà ṣírò owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ilé ìwé ń fi gba owó ilé ìwé, ilé ìwòsàn aládàáni ń fi tọ́jú káàdì aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sọ́fútíwíà wọ̀nyí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n ti wá, ní Ìbàdàn, ní Èkó, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó jáde ní yunifásítì LAUTECH níbí. Iṣẹ́ wọn dára, owó wọn sì mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n bí àwọn méjì tó mọ inú iṣẹ́ náà bá jápa lọ sí Kánádà, tàbí bí gbèsè bá mu ilé iṣẹ́ náà, ẹni tó rà á yóò wá mọ̀ pé àyè láti máa lo sọ́fútíwíà ni òun sanwó fún, pé sọ́fútíwíà gan-an kò fìgbà kan jẹ́ tòun.

Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín jẹ́ ẹ̀dà tí ẹ̀rọ nìkan lè kà. Kóòdù orísun, èyí tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà lè kà kí ó sì tún ṣe, ọ̀dọ̀ olùtà ló wà. Bí kò bá sí i, kò sẹ́ni tó lè tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, kò sì sẹ́ni tó lè yí ìṣirò èlé padà lọ́jọ́ tí ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ bá fẹnu kò pé èlé ti yí padà. Olùtà kò ní fẹ́ gbé e fún yín bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ̀bi, nítorí pé kóòdù yẹn ni gbogbo ohun ìní rẹ̀. Ètò tó bá ẹ̀yin méjèèjì lára mu ni èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní escrow: olùtà yóò kó kóòdù náà fún ẹni kẹta tí ẹ jọ fọkàn tán, ẹni náà yóò pa ẹrù náà mọ́, kò sì ní gbé e fún yín àfi bí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú wò, tí wọn kò sì tíì fi kọ́ sọ́fútíwíà kan jáde, ìyẹn ni pé kí wọ́n sọ kóòdù di ẹ̀dà tí ẹ̀rọ lè lò, kò yàtọ̀ sí àpótí òfìfo, bó ti wù kí ìwé àdéhùn rẹ̀ nípọn tó.

Ṣé ẹ nílò rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo sọ́fútíwíà ló yẹ fún wàhálà yìí. Ẹ bi ara yín pé, bí ó bá dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí kò sì sẹ́ni tí yóò tún un ṣe fún oṣù kan gbáko, kí ni yóò bàjẹ́? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ pé ẹ ó kàn padà sí ìwé lẹ́jà fúngbà díẹ̀, ẹ ná owó yín sórí bákọ́ọ̀pù, ẹ̀dà ìpamọ́ dátà yín, tó dára. Bí ó bá jẹ́ Microsoft Word ni, olùtà rẹ̀ kò ní bá yín jókòó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá sì jẹ́ sọ́fútíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún gbogbo ayé, bíi OpenMRS tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò, kóòdù ti wà nílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ló kù tí ẹ ó wá.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ bẹ ẹnì kan níṣẹ́ pé kí ó kọ sọ́fútíwíà fún ẹ̀yin nìkan, ẹ kò nílò olùpamọ́ rárá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé tiyín ni iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba kóòdù rẹ̀ kí ẹ tó san owó tó kẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, nítorí pé òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 ka sọ́fútíwíà mọ́ iṣẹ́ ìwé, sísan owó iṣẹ́ nìkan kò sì sọ ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ di ti ẹni tó sanwó. Ìfipamọ́ wà fún sọ́fútíwíà tí olùtà ń ta fún ọ̀pọ̀ oníbàárà, tí kò lè sọ di ti ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn.

Ta ni ẹni kẹta?

Lókè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé irú ìfipamọ́ yìí ni wọ́n ń fi jẹun. NCC Group ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nídìí rẹ̀ nígbà tí ó ra ẹ̀ka tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Iron Mountain ti Amẹ́ríkà ní ọdún 2021. Owó òkè òkun ni wọ́n ń gbà, wọn a sì máa gbà á lọ́dọọdún. Báńkì tó ń lo sọ́fútíwíà ilẹ̀ òkèèrè lè san án láìmí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Sábó, owó ìfipamọ́ lè ju owó tí wọ́n fi ra sọ́fútíwíà fúnra rẹ̀ lọ.

Fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n pín iṣẹ́ náà sọ́nà méjì. Kí ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan, tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ tí kì í sì í ṣe ti olùtà, jẹ́ olùpamọ́. Kí pùrógíráámà olómìnira kan, bóyá ẹni tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní LAUTECH, jẹ́ ẹni tí yóò yẹ ẹrù náà wò, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní tú àṣírí ohun tí òun rí. Agbẹjọ́rò mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan mọ́ àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé fọ́tò ìgbéyàwó fún un nínú díráìfù, kò ní mọ̀ pé kóòdù kọ́. Mo sọ pé ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò, n kò sọ pé agbẹjọ́rò kan, nítorí pé ènìyàn ń ṣàìsàn, ènìyàn sì ń kú, àwọn mọ̀lẹ́bí kì í sì í sáábà mọ ohun tí díráìfù inú dúrọ́ọ̀ wà fún.

Kí ẹrù náà jẹ́ díráìfù méjì tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì. Kí ọ̀kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí èkejì wà ní ìlú mìíràn, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, kí iná tàbí ìkún omi kan ṣoṣo má bàa kó méjèèjì lọ. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kí ó má sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú díráìfù.

Ohun tó yẹ kí ó wà nínú ẹrù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń wó. Olùtà yóò kó fáìlì kóòdù wá, gbogbo ènìyàn yóò fọwọ́ síwèé, wọn yóò ya fọ́tò, ó tán. Ṣùgbọ́n kóòdù nìkan kò lè di sọ́fútíwíà. Ẹni tí yóò kọ́ ọ jáde gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tí wọ́n lò, kí ó sì mọ nọ́ńbà ẹ̀dà (version) rẹ̀ gan-an, nítorí pé ohun tí ẹ̀dà kan gbà, ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e lè kọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní gbogbo láíbùrárì, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún ìlò, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pàápàá èyí tí wọ́n fowó rà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní àwòrán ìtò dátàbéèsì, ibi tí sọ́fútíwíà ń kó dátà sí, àwọn fáìlì ìṣètò, àti ìwé tó ṣàlàyé ní ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, tí wọ́n kọ fún àjèjì. Olùtà máa ń kọ ìwé yìí fún ara rẹ̀, a sì máa fo àwọn ibi tó ti mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn nǹkan tí kì í ṣe kóòdù rárá, tó sì jẹ́ pé láìsí wọn gbogbo rẹ̀ yóò dúró gbagidi. Bí sọ́fútíwíà yín bá ní áàpù lórí fóònù, ta ló ni àkáǹtì tí wọ́n fi gbé e sórí Play Store? Orúkọ ta ni wọ́n fi ra àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Ta ló ni àkáǹtì tí ó ń gbà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá dá owó? Bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ ti dátà inú rẹ̀ pa, níbo ni kọ́kọ́rọ́ náà wà?

Èyí tó burú jù nínú wọn ni àṣẹ ìlò. Ọ̀pọ̀ sọ́fútíwíà ló máa ń béèrè lọ́wọ́ sáfà olùtà (kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì), lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, bóyá kí òun ṣì máa ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí sáfà náà bá kú, sọ́fútíwíà yóò ti ara rẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ẹni tí ẹ gbà tó mọ ọwọ́ kóòdù orísun náà. Nítorí náà, ẹ sọ fún olùtà pé kí ó fi kọ́kọ́rọ́ àṣẹ tí kì í parí sínú ẹrù, èyí tí yóò jẹ́ kí ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín máa ṣiṣẹ́ lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ní òun kò lè fún yín ní ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀, ẹ má fi ti èyí sílẹ̀.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù: orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tàbí àwọn aláìsàn. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò gba pé kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa káàkiri lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìdí láti rí i. Dátà àtọwọ́dá ni kí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọjọ́ ìdánwò

Ẹ wá kọ̀ǹpútà kan tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀ ju ohun tí ó bá wá láti ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹ já a kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi pùrógíráámà olómìnira jókòó sídìí rẹ̀, kí olùtà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó lè dáhùn ìbéèrè, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Gbogbo ìdáhùn tó bá fẹnu sọ ni kí akọ̀wé kọ sílẹ̀, nítorí pé ohun tó sọ lẹ́nu yẹn ni ìwé ìṣàlàyé rẹ̀ kò sọ. Kí jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀, kí iná má ba iṣẹ́ jẹ́ láàárín.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo bá ṣe irú ìdánwò yìí nítòsí ọ̀nà Ìlọrin ti ní ẹrù lọ́dọ̀ lọ́yà fún ìgbà pípẹ́, ọkàn wọn sì balẹ̀ gidigidi. Nígbà tí a tú u, ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé ẹ̀dà inú rẹ̀ kò ní apá tó ń ṣírò ẹ̀yáwó kíákíá, apá tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń lò lójoojúmọ́, nítorí pé lẹ́yìn ìfipamọ́ ni wọ́n fi kún un. Ohun kejì ni pé iṣẹ́ ìkọ́jáde dúró lójijì lórí láíbùrárì kan tó ń tẹ rìsíìtì, tí ìwé ìṣàlàyé kò dárúkọ rẹ̀ níbì kankan. Ọmọkùnrin tó kọ sọ́fútíwíà náà rẹ́rìn-ín, ó ní orí kọ̀ǹpútà òun ni láíbùrárì yẹn wà, ó pẹ́ tí òun ti gbàgbé pé ẹlòmíràn kò ní in. Kò ṣe àrékérekè kankan. Bí ọ̀pọ̀ ẹrù ṣe ń rí nìyẹn, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí ìgbàgbọ́ nínú ìwà rere olùtà rọ́pò ìdánwò.

Nígbà tí sọ́fútíwíà bá ti jáde, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà kejì, kí ẹ fi orúkọ àtọwọ́dá mélòó kan sí i, kí ẹ yá wọn lówó, kí ẹ sì wò bóyá èlé tó ṣírò bá ti inú ọ́fíìsì yín dọ́gba dé orí kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe ìdánwò kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ ní kí pùrógíráámà yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú kóòdù, bí àpẹẹrẹ àkọlé tó wà lórí rìsíìtì, kí ó tún un kọ́ jáde, kí ó sì tẹ rìsíìtì kan. Bí àkọlé tuntun bá jáde lórí bébà, ó dájú pé kóòdù yìí ló ń bí sọ́fútíwíà yẹn, àti pé ẹlòmíràn lè tún un ṣe. Bí ti àtijọ́ bá jáde, ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kó fún yín.

Ní ìparí ọjọ́ náà, kí pùrógíráámà ṣírò àmì SHA-256 ti ẹrù náà, àwọn lẹ́tà àti òǹkà 64 tí yóò yí padà bí ohun kékeré kan bá yí padà nínú fáìlì. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí, kí ẹ̀yin, olùtà àti pùrógíráámà fọwọ́ sí i. Nígbàkigbà tí olùtà bá gbé ẹ̀dà tuntun fún yín lò, kí ẹrù tuntun wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní ti ìdánwò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó, ẹ lè so ó mọ́ àsìkò tí olùṣàyẹ̀wò owó bá wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé.

Ìgbà tí ẹrù yóò jáde

Àwọn ìwé àdéhùn tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun máa ń sọ pé ẹrù yóò jáde bí ilé ẹjọ́ bá kéde pé olùtà ti wọ gbèsè. Ìyẹn kò bá tiwa mu. Ilé iṣẹ́ kékeré níbí kì í lọ sílé ẹjọ́ láti lọ kógbá sílé. Fóònù ni wọn kì í gbé mọ́. Ẹ kọ ohun tí ojú lè rí: pé bí ẹ bá fi ìṣòro yín tó olùtà létí nípasẹ̀ ímeèlì, lẹ́tà àti ìpè, tí kò sì dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá, ẹ lè béèrè ẹrù. Ẹ fi kún un bí ó bá kéde pé òun kò ní tọ́jú sọ́fútíwíà náà mọ́, bí ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n bá kú tàbí fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò sí arọ́pò, tàbí bí ẹlòmíràn bá ra ilé iṣẹ́ náà tó sì kọ̀ láti tẹ̀ lé àdéhùn. Ti ilé ẹjọ́ náà lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ òun nìkan.

Kí olùpamọ́ tó gbé ẹrù jáde, yóò kọ̀wé sí olùtà, yóò sì fún un láyè, bóyá ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, láti ta kò ó. Bí ó bá ta kò ó, kí ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ onílàjà kan ṣoṣo lábẹ́ Òfin Ìlàjà ti ọdún 2023, kí ó má lọ jókòó sí ilé ẹjọ́ fún ọdún mélòó kan. Bí olùtà bá dákẹ́, kí ẹrù jáde láìsí àríyànjiyàn.

Gbígba kóòdù sọ́wọ́ yàtọ̀ sí níní ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí agbẹjọ́rò yín fi sínú ìwé ni pé olùtà fún yín ní ẹ̀tọ́ náà láti ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ síwèé, pé ẹ kò kàn ní lò ó títí ẹrù yóò fi jáde. Bí ó bá kọ pé òun “yóò fún” yín lọ́jọ́ iwájú, ẹni tí wọ́n bá yàn láti tú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ká lè sọ pé òun kò ní fún yín ní ohunkóhun. Kí ẹ̀tọ́ náà gba pé ẹ lè gba ẹlòmíràn láti tún kóòdù ṣe fún ìlò yín, ṣùgbọ́n kí ó sọ kedere pé ẹ kò lè tà á. Gbólóhùn yìí ló máa ń fi olùtà lọ́kàn balẹ̀ jù.

Bí olùtà bá jẹ́ ará Amẹ́ríkà, kí ìwé yín dárúkọ abala 365(n) nínú òfin ìwọ̀gbèsè wọn. Láti ọdún 1988 ni abala yìí ti jẹ́ kí ẹni tó gba àyè ìlò lè di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú kódà bí olùtà bá wọ gbèsè. Ní ti gbogbo olùtà ilẹ̀ òkèèrè, ẹ rántí pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ fún ìforúkọsílẹ̀ ní NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Láìsí ìwé ẹ̀rí wọn, báńkì lè kọ̀ láti fi owó náà ránṣẹ́.

Tí sọ́fútíwíà bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá ń wọlé sí sọ́fútíwíà yín láti inú búráúsà, tí kò sì sí ohunkóhun lórí kọ̀ǹpútà yín, kóòdù orísun wá di ìdajì ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí olùtà kò bá san owó sáfà mọ́, ẹni tó ni sáfà yóò pa á, dátà yín yóò sì bá a lọ. Kí àdéhùn yín sọ pé ẹ̀dà dátà yín yóò máa bọ́ sí ọwọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní irú fáìlì tí ẹlòmíràn lè ṣí, kí ẹ sì ṣí i wò lóòótọ́. Kí olùpamọ́ ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó lè fi wọ àkáǹtì sáfà náà, kí ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti san owó rẹ̀ ní tààrà fún oṣù mẹ́ta bí olùtà bá dákẹ́.

Owó, àti bí ẹ ó ṣe bá olùtà sọ̀rọ̀

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá kí ẹ tó san kọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó gbogbo ìwé yín sínú sọ́fútíwíà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáàbòbò ló sábà máa ń sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ìlú bá ń lo sọ́fútíwíà kan náà, ẹrù kan tó fún gbogbo wọn, kí wọ́n jọ pín owó olùpamọ́ àti ti ìdánwò. Ó yẹ kí olùtà gbọ́n gbà á, nítorí pé ilé iṣẹ́ kékeré tó lè fi ìwé ẹ̀rí ìfipamọ́ hàn yóò rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ìbá sá fún un.

Lẹ́yìn tí ẹrù bá dé ọwọ́ yín

Bí ọjọ́ náà bá dé, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní díráìfù àkọ́kọ́ kí ó máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi àmì SHA-256 wé ti inú ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì dá ojúlówó padà síbi tó wà. Kọ́kọ́rọ́ àṣẹ tí kì í parí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí iṣẹ́ ọ́fíìsì máa lọ. Ẹ yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tí olùtà mọ̀ padà lọ́jọ́ kan náà. Pùrógíráámà tó ṣe ìdánwò ọdọọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, nítorí pé ó ti kọ́ sọ́fútíwíà náà jáde rí. Kí ó gbájú mọ́ àtúnṣe nìkan fún oṣù mélòó kan, kí ó má fi ohun tuntun kún un, nígbà tí ìgbìmọ̀ yín bá ń pinnu bóyá ẹ ó máa tọ́jú rẹ̀ lọ tàbí ẹ ó wá olùtà mìíràn.